Ọjọ́ Tí Adelé Ugbótù Ṣí Fìlà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé oyè adelé dùn, ẹ bi í bóyá òun jẹ ẹ́ rí. Oyèbọ́lá jẹ ẹ́ fún oṣù mẹ́rìnlá gbáko, kò sì sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tí kò ṣépè fún. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní Àkúrẹ́, ìyàwó Ọmọ́níyì tó ń tún rédíò ṣe, ìyá ọmọ méjì. Jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló ń lọ kí bàbá rẹ̀ tó wàjà lóṣù kẹsàn-án ọdún 1992. Bàbá yìí ni ọba Ugbótù, ìlú kékeré kan tó wà lọ́nà Oda. Ní Ugbótù, bí ọba bá wàjà, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni yóò wọ agbádá bí ọkùnrin, tí yóò dé fìlà ìlẹ̀kẹ̀, tí yóò máa jókòó sípò bàbá rẹ̀ títí àwọn afọbajẹ yóò fi yan ọba tuntun. Oṣù mẹ́ta ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Oṣù mẹ́ta di mẹ́fà, mẹ́fà di ọdún kan. Ilé ọba méjì ló ń du oyè náà, àwọn afọbajẹ mẹ́fà sì jókòó sáàárín wọn bí ẹni jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀. Ilé Òkè ń fa ewúrẹ́ wá, Ilé Odò ń ru iṣu wá, àwọn àgbààgbà ń jẹ níhìn-ín, wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún. Ta ni yóò wá yan ọba kí oúnjẹ dá? Olórí wọn ni Olóyè Rufus, tí orúkọ oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀jọmọ, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ máa ń wọlé kí òun alára tó wọlé. Bí wọ́n bá bi í léèrè, a ní ọ̀rọ̀ oyè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú. Kí ló fẹ́ kán an lójú, ẹni tó ń fi itan ewúrẹ́ jẹun alẹ́?

Oyèbọ́lá ni ìyà náà ń jẹ. Adelé kì í sùn sí ìlú mìíràn, adelé kì í sì í sún mọ́ ọkọ. Ní ọjọ́ Sátidé, Ọmọ́níyì a kó àwọn ọmọ wá láti Àkúrẹ́, òun tó fẹ́ ẹ níṣu lọ́kà a sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó lè kí i. Ayọ̀mídé, ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ti ń pe ìyá rẹ̀ ní Kábíyèsí láìrẹ́rìn-ín. Èyí tó tún burú ni ti Olorì Àdùnní, ìyá tó bí i. Láràárọ̀ ni obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún yìí ń fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀ fún ọmọ inú rẹ̀, tí yóò ní, Kábíyèsí, ṣé ẹ jí ire. Kí fìlà tó dé orí rẹ̀, Àjíkẹ́ ni ìyá ń pè é. Láti oṣù mẹ́rìnlá kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan. Nígbà mìíràn a máa wù ú kí wọ́n tilẹ̀ bú u, kí wọ́n ṣáà fi orúkọ náà bú u.

Ṣùgbọ́n orúkọ kọ́ ló lè gbọ́ bùkátà. Ìwé ẹ̀rí Grade Two ni Oyèbọ́lá fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ìwé sì ti dé ilé ẹ̀kọ́ wọn pé olùkọ́ tí kò bá ní NCE kí ọdún 1993 tó parí, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ọdún yẹn kì í ṣe ọdún tí ènìyàn ń fi iṣẹ́ ṣeré o. Epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú. Gààrí tí à ń fi ẹ̀gàn sọ̀rọ̀ ti di nǹkan tí à ń fi ife kékeré rà. Rédíò kún ṣọ́ọ̀bù Ọmọ́níyì, àwọn tó ni ín ò rówó wá gbà á. Owó oṣù ìyàwó, tí wọ́n ṣì ń san fún un bó tilẹ̀ gba àyè láti delé, ni ilé ń jẹ, ó sì máa ń dé lẹ́yìn oṣù méjì.

Ọdún mẹ́rin ni Oyèbọ́lá ti fi ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Oǹdó lásìkò ìsinmi, níbi tí àwọn olùkọ́ bí i tirẹ̀ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ kún ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún un: ẹ̀kọ́ nípa bí orílẹ̀-èdè tuntun ṣe ń gbé ìjọba rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Ọ̀sẹ̀ tí bàbá rẹ̀ wàjà ni wọ́n ṣèdánwò rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, òdo ni wọ́n fún un. Ìyanṣẹ́lódì sún ti ọdún yìí di oṣù kọkànlá. Bí èyí bá tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó parí, iṣẹ́ lọ nìyẹn.

Báyìí ló ṣe di pé adelé ń wọ mọ́tò. Ní ìdájí ó ti kúrò ní Ugbótù, á dé Àkúrẹ́, á tò sórí ìlà ní gáréèjì pẹ̀lú agbádá àti fìlà ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, á wọ mọ́tò Oǹdó, ó sì gbọ́dọ̀ padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Nínú mọ́tò, àwọn kan á máa kí i tẹ̀rùtẹ̀rù, àwọn kan á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹ̀rín. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan bi í lọ́jọ́ kan bóyá ọba máa ń gba ṣéńjì. Ó gbà á.

Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹmí ló ń kọ́ wọn níṣẹ́ náà. Ọmọ Oǹdó ni, tín-ín-rín báyìí, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, tí aṣọ rẹ̀ mọ́ ju inú rẹ̀ lọ. Ó mọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ti Ọlọ́run ṣe. Láìwo ìwé, ó lè sọ fún yín bí wọ́n ṣe jókòó lọ́dún 1960, ta ni wọ́n fún ní agbára, ta ni wọ́n fún ní oyè lásán, àti ibi tí wọ́n ti gbàgbé láti kọ òfin sí. Ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo ọba kò dára. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Oyèbọ́lá wọ kíláàsì rẹ̀, ó ní kí ó ṣí fìlà. Oyèbọ́lá dìde, ó ṣàlàyé pé adelé kì í ṣí orí níwájú ènìyàn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín sí imú.

“Obìnrin ló kọ́kọ́ jọba ní Oǹdó níbí,” ó ní. “Ó jọba o, kò bá ẹnikẹ́ni delé. Ìwọ, òkúta tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má gbá a dé ni ọ́.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Lọ́lá, olùkọ́ kan láti Ipogun tí wọ́n jọ ń pín bẹ́ǹṣì, ló rín ín pẹ́ jù, tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Oyèbọ́lá ti di àpẹẹrẹ. Ẹ rántí pé ọdún yẹn ni a dìbò lóṣù kẹfà, tí àwọn sójà fagi lé e, tí wọ́n wá gbé ìjọba fìdíhẹ kan jókòó lé wa lórí. Inú ń bí gbogbo ènìyàn, inú sì ń bí àwọn olùkọ́ jù. Bí wọ́n bá ti ń pariwo nípa Àbújá, Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹmí á na ṣọ́ọ̀kì sí Oyèbọ́lá, á ní kí ni wọ́n ń wá lọ sí Àbújá, ṣebí fìdíhẹ kan ló jókòó síwájú àwọn yìí. Oyèbọ́lá kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn. Ohun tó sì ń dùn ún ni pé òótọ́ ló ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìdánwò, ọkùnrin náà sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ń ṣàlàyé wàhálà ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1962, nígbà tí ènìyàn méjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà tí oníkálukú ní òun ni olórí ìjọba, tí gbogbo ayé ń ṣí ìwé òfin síwá sẹ́yìn, tí àwọn ẹlòmíràn fi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó da ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó nu ọwọ́.

“Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ìjọba, ẹ má wo ẹni tó jókòó sórí àga. Ẹ lọ wo ibi tí òfin ti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àga bá ṣófo. Ẹni tí ìyẹn bá ń dẹ́rù bà, òun gan-an ló ni ín. Fìdíhẹ kì í sì í kúrò níbi tí jíjókòó rẹ̀ bá ti rọ àwọn kan lọ́rùn.”

Oyèbọ́lá kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Nínú mọ́tò tó ń padà lọ sí Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kó sinmi, nítorí ó mú un rántí ọjọ́ tí wọ́n dé e ní fìlà. Ọ̀jọmọ dúró lójú agbo, ó gbé fìlà náà sókè, ó ka òfin adelé bí wọ́n ṣe ń kà á láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó ní ọwọ́ afọbajẹ ló dé e, ọwọ́ afọbajẹ ni yóò ṣí i. Ó ní bí adelé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i níwájú ènìyàn, kò ní ilé bàbá mọ́, kò gbọdọ̀ wọ ẹnu ọ̀nà ààfin títí láé, kò sì ní fojú kan ojú oórì bàbá rẹ̀. Gbogbo ìlú mí kanlẹ̀, jìnnìjìnnì bo obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ariwo yẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fetí sí ìyókù. Ìyókù ni pé láti ọjọ́ tó bá ṣí i, ìlú yóò fi ọjọ́ méje wá ọba, bí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ bá sì mọ́ tí kò sí ọba, kí àwọn afọbajẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà já ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n máa lọ sílé bí ẹni tí kò joyè rí.

Kò sí adelé tó dán an wò rí. Ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí à ń kà kí ayẹyẹ lè gùn. Ẹnu Ọ̀jọmọ fúnra rẹ̀ ló ti jáde, Oyèbọ́lá kàn ń rò ó títí tó fi gbàgbé láti sọ̀ ní gáréèjì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lẹ bébà mọ́ ara pátákó pé fìlà àti gèlè kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, nítorí wọ́n ti ká ìwé mọ́ ẹnì kan nínú gèlè lọ́dún tó kọjá. Oyèbọ́lá lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹmí, òun ni yóò ṣọ́ gbọ̀ngàn náà. Ó ní kí wọ́n yẹ orí òun wò nínú yàrá lọ́tọ̀, kí obìnrin kan ṣe é. Ọkùnrin náà ní òfin ni òfin. Nígbà tí Ọ̀jọmọ gbọ́, ó fi bíró pupa kọ lẹ́tà gígùn sí kọ́lẹ́ẹ̀jì pé Ugbótù kò fọwọ́ sí i kí wọ́n ṣí orí Kábíyèsí wọn nítorí ìwé. Kí ni Akínyẹmí fi lẹ́tà náà ṣe? Ó kà á sókè ní kíláàsì, ó ń ṣe ohùn bí àgbàlagbà tí ehín ti ká, ó wá rún un pọ̀, ó sọ ọ́ sórí bẹ́ǹṣì Oyèbọ́lá. Ó ní bí ó bá ṣí fìlà, kó wá ṣe ìdánwò. Bí kò bá ṣí i, kó jókòó sílé kó máa jọba. Lọ́tẹ̀ yìí Lọ́lá kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú ìdánwò, Oyèbọ́lá ránṣẹ́ pe àwọn afọbajẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ààfin. Ó bẹ̀ wọ́n. Ẹni tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Ó ní kí wọ́n yan ọba kí Mọ́ńdè tó mọ́, Ilé Òkè ni o, Ilé Odò ni o, kí wọ́n ṣáà gba fìlà wọn lórí òun. Ọ̀jọmọ na ẹsẹ̀, ó ń fi igi tá ehín.

“Kábíyèsí,” ó ní, “ẹ̀yin tí ìlú ń bọ́, kí lẹ fẹ́ fi ìwé ṣe? Iṣẹ́ tíṣà ni ẹ tún ń sunkún rẹ̀? Bí àsìkò bá tó, a ó yan ọba.”

“Bí mo bá wá fi ọwọ́ ara mi ṣí i ńkọ́, Ọ̀jọmọ?”

Ẹ̀rín sọ láàárín wọn. Ọ̀kan rín ín títí ó fi húkọ́. Ọ̀jọmọ mi orí, ó ní ta ni í gbé òkú ara rẹ̀ jù sígbó, ọmọ ọba wo ló ń ta ilé bàbá rẹ̀ nítorí bébà. Ó dá a lójú bí ẹni tó ti rí òpin ayé. Wọ́n dìde, wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ewúrẹ́ kan láti Ilé Odò sì wà lẹ́nu ọ̀nà tí ń dúró dè wọ́n.

Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni Olorì Àdùnní. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ó wọlé wá, ó sì kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. Kò kúnlẹ̀.

“Ogójì ọdún ni mo fi wà nínú ulé yìí,” ìyá náà ní. “Ọjọ́ tí ọba mìíràn bá wọlé, wọ́n ó kó ẹrù mi síta. Ọkọ mi ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀ níbí, àràárọ̀ ni mo ń bá a sọ̀rọ̀. Ìwọ ò ní rí i mọ́, èmi náà ò ní rí i mọ́. Nítorí kí ni?”

“Nítorí àwọn ọmọ mi, ìyá mi. Kí ni wọn ó jẹ?”

“Èmi náà bímọ.”

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Oyèbọ́lá pé ìyá rẹ̀ náà wà lára àwọn tí fìdíhẹ rọ̀ lọ́rùn. Obìnrin ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní Kábíyèsí, bí oṣù mẹ́rìnlá bá di ogún ọdún kò burú lójú rẹ̀, kó ṣáà lè máa sùn nítòsí òkú ọkọ rẹ̀. Ta ni yóò bá a wí?

“Àjíkẹ́,” ìyá náà ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, “bí o bá ṣí i, mi ò bí ọ.”

Orúkọ tí etí rẹ̀ ti ń pòùngbẹ rẹ̀ láti ọdún kan àti oṣù méjì, ẹ gbọ́ bí ó ṣe wá. Ó jókòó síbẹ̀, ó sunkún bí ọmọ kékeré, pẹ̀lú fìlà lórí.

Ní Mọ́ńdè, wọ́n tò síwájú gbọ̀ngàn. Àwọn obìnrin ń tú gèlè, wọ́n ń ká a sínú báàgì. Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹmí jókòó sídìí tábìlì kan lẹ́nu ọ̀nà, ìwé ìdáhùn wà níwájú rẹ̀ ní ìdì ìdì. Nígbà tó kan Oyèbọ́lá, kò gbé ojú sókè. Ó kàn sọ pé, “Fìlà.”

Oyèbọ́lá dúró. Ó ro ti bàbá rẹ̀, ọkùnrin tó máa ń bó ọsàn fún un tí kì í jẹ́ kí èèpo rẹ̀ já. Kò ní lè fi ọwọ́ kan ilẹ̀ tó bò ó mọ́. Ó ro ti Ọ̀jọmọ àti igi ìtayín rẹ̀. Inú bí i gan-an, ìbínú yẹn ló sì fún un lágbára. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣí fìlà náà, ó gbé e kalẹ̀ sórí ìdì ìwé ìdáhùn, síwájú ọkùnrin náà gan-an.

Akínyẹmí fò dìde tí àga fi ṣubú sẹ́yìn. Ọmọ Oǹdó ni, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìlú ọba ni wọ́n bí i sí, ìlú ọba ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó mọ ohun tí à ń pè ní ìlẹ̀kẹ̀ tó ti gun orí ọba.

“Gbé e kúrò lórí tábìlì mi,” ó ní.

“Èmi ò lè fọwọ́ kàn án mọ́, sà. Afọbajẹ nìkan ló kù tó lè gbé e. Bó bá sì jẹ́ fìlà lásán ni, ẹ̀yin náà ẹ gbé e.”

Ọkùnrin náà wo fìlà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo àwọn ènìyàn tó ń wò ó. Ó na ọwọ́ díẹ̀, ó ká a kò. Ẹni tó ti fi ọba ṣẹlẹ́yà fún odidi ọdún. Níkẹyìn ó ní kí wọ́n lọ mú ìwé ìdáhùn mìíràn wá láti ọ́fíìsì. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣèdánwò náà, wákàtí mẹ́ta gbáko ni Akínyẹmí fi dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nítorí kò lè jókòó sídìí tábìlì tí fìlà wà. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí Oyèbọ́lá lórí gbangba, ó ń kọ̀wé. Ìbéèrè kẹta ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tó ń fa kí ìjọba àkókò díẹ̀ pẹ́ lórí oyè. Ojú ewé mẹ́sàn-án ló kọ.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìròyìn ti dé Ugbótù. Àwọn afọbajẹ ní láti wá gbé fìlà wọn fúnra wọn. Wọ́n wá epo kiri Àkúrẹ́ títí, wọ́n bẹ awakọ̀ akẹ́rù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já kòkó sílẹ̀ kó gbé wọn, àgbààgbà mẹ́fà lẹ́yìn ọkọ̀ lórí àpò tó ṣófo, títí dé Oǹdó. Ọ̀jọmọ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ó bá Akínyẹmí lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tó ń ṣọ́ ohun tí kò lè fọwọ́ kàn. Àwọn méjèèjì bú ara wọn dáadáa. Ọ̀kan ní ìwé ti ra èkejì níyè, èkejì ní ewúrẹ́ ti ra ọ̀kan níyè. Oyèbọ́lá ti wà nínú mọ́tò nígbà yẹn, ó ń lọ sí Àkúrẹ́, sílé ọkọ rẹ̀. Nígbà tó wọlé, Ayọ̀mídé kúnlẹ̀ fún un, ó ní Kábíyèsí. Ó gbé ọmọ náà sọ́rùn, kò jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ mọ́ títí ó fi sùn.

Ẹ wo àwọn ọ̀gá mẹ́fà yìí bí wọ́n ṣe ń sáré. Oṣù mẹ́rìnlá tí kò tó wọn yan ọba, ọjọ́ méje wá ń lé wọn bí ajá. Wọ́n ò gba ewúrẹ́, wọ́n ò gba iṣu, kò sẹ́ni tó rójú jẹun. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Ọmọ́níyì ń tún rédíò kan ṣe ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó gbọ́ pé àwọn sójà ti gba ìjọba padà, pé fìdíhẹ Àbújá ti kógbá wọlé. Ó sáré wá sọ fún ìyàwó rẹ̀. Oyèbọ́lá ń gúnyán, kò dá ọwọ́ dúró. Ní ọjọ́ kẹfà, Ugbótù ní ọba: Akíntúndé ti Ilé Odò, agégẹdú kan tó gbójú, tó lówó, tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ìdí tí wọ́n fi mú un ni pé ìlú Ọrẹ ni ọmọ Ilé Òkè wà, àti pé Akíntúndé nìkan ló jókòó sílé. Bí wọ́n ṣe yan ọba wọn nìyẹn. Ọ̀jọmọ kò pàdánù ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọba tuntun kò fẹ́ràn láti máa bá àgbàlagbà jẹun, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọlé jẹun sì di títì pa.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá, èsì ìdánwò jáde ní Oǹdó. Oyèbọ́lá rí orúkọ rẹ̀, ó sì yege dáadáa. Akínyẹmí bá a lẹ́bàá pátákó, ó dúró sí ọ̀kánkán rẹ̀ láìwò ó lójú.

“Ìwé rẹ dára,” ó ní. “Mi ò fẹ́ràn rẹ.”

“Èmi náà ò fẹ́ràn yín, sà,” Oyèbọ́lá dáhùn, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kúnlẹ̀ kí olùkọ́. Ó gba bébà rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó ká a sínú báàgì.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà ni ọba tuntun wọ ààfin, ọjọ́ náà sì ni Olorì Àdùnní kó jáde. Oyèbọ́lá ò lè dé ẹnu ọ̀nà, nítorí náà oríta Ugbótù ló ti dúró dè é, òun àti Ọmọ́níyì, láti àárọ̀. Ìró àti bùbá ló wọ̀, ó wé gèlè kékeré. Ó ti rò ó tán: ìyá á máa bá wọn gbé ní Àkúrẹ́, wọ́n ti tọ́jú yàrá. Nígbà tó yá, wọ́n rí i tó ń bọ̀, àpótí kan lórí arúgbó mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gbé igbá tí wọ́n fi aṣọ dì. Ó ti gba mọ́tò tí yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ipogun.

Oyèbọ́lá ò dúró kó sún mọ́ òun tán. Ó kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀ pupa lójú títì, orúnkún méjèèjì, bí ọmọ ṣe ń kúnlẹ̀ fún ìyá. Ó ní, “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́.” Ó ń retí kó bú òun. Ìbáà jẹ́ èébú, ìbáà jẹ́ igbájú.

Olorì Àdùnní dúró. Lẹ́yìn náà ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ti ilẹ̀, ó ń fi orúnkún tó ń dùn ún lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí òun náà fi kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀ pupa ní iwájú ọmọ rẹ̀.

“Kábíyèsí,” ó ní. “Ẹ kú ìjókòó.”

Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ nù lára aṣọ, ó gbé igbá rẹ̀, ó wọ mọ́tò. Mọ́tò náà ti yí kọ̀rọ̀ kí Ọmọ́níyì tó lè gbé ìyàwó rẹ̀ dìde.